Ẹni tí Ọkàn Pupayẹmí Balẹ̀ Sí

Iná pupa tàn lọ́rùn Pupayẹmí bí Ìbídùn ṣe gbé ẹsẹ̀ wọ ilé ìrọbí.

Ó dúró. Ó ní bóyá eruku ọyẹ́ ló bo ojú ẹ̀gbà ọrùn náà. Ó fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn, ó tún wọlé. Pupa náà ni. Ohùn Adìmú, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ilé náà, sì jáde láti inú ògiri, ohùn obìnrin pẹ̀lẹ́ kan tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ará Òkè-Ògùn kọ́, tí kì í bínú, tí kì í sì í rẹ̀ ẹ́.

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ padà sẹ́yìn ìlà. Ọkàn ẹran yìí kò balẹ̀ sí yín."

"Èmi ni," ni Ìbídùn wí. "Ìbídùn ni."

"Mo mọ̀ yín, Ìyáàfin Ìbídùn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ padà sẹ́yìn ìlà."

Pupayẹmí ń rìn yí ká inú ilé náà, ó gbé ìrù sókè, ó ń wo ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ bí ẹni pé ẹnì kan ń pè é láti ibẹ̀. Omi ara rẹ̀ ti dà láti ọ̀sán. Ìbídùn ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba màálù yìí lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú nínú ọ̀gbẹlẹ̀ ńlá, Ìbídùn ló fi ike fún un ní wàrà, òun ló sì sọ ọ́ ní Pupayẹmí nítorí pé àwọ̀ rẹ̀ dà bí osùn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Lẹ́yìn ọ̀gbẹlẹ̀ náà, tí ìjọba fi ẹ̀gbà sí ọrùn ìwọ̀nba màálù tó ṣẹ́kù nílẹ̀ yìí, tí wọ́n ní kí ọkàn ẹran fúnra rẹ̀ yan alábàárò tí yóò máa tọ́jú rẹ̀, kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń béèrè ẹni tí Pupayẹmí yóò yàn. Bí Ìbídùn bá ti yọ lókèèrè ni iná ẹ̀gbà náà ti ń di àwọ̀ ewé.

Ó padà sẹ́yìn ìlà. Ìlà ofeefee ni wọ́n fi ọ̀dà fà síbẹ̀ láti ògiri dé ògiri. Ní gáà kejì, ibùdó màálù tó wà nítòsí, ọkùnrin kan tẹ ìlà bẹ́ẹ̀ nígbà tí iná ẹran rẹ̀ pupa, wọ́n sì pa àmì tó wà lábẹ́ awọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà, kò sí ilẹ̀kùn ilé ẹran tó ń ṣí fún un. Ẹ̀yìn ọgbà ló máa ń jókòó sí lójoojúmọ́, tí ó ń wo àwọn màálù tirẹ̀ bí ẹni tó ń wo ọjà tí kò lè rà.

"Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi."

Ẹwàtómi ló dé. Ó ti ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè dé èjìká, ọṣẹ ṣì ń hó lápá rẹ̀. Ó gba ẹ̀gbẹ́ Ìbídùn kọjá, ó tẹ ìlà náà bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Iná ọrùn Pupayẹmí yí padà, ó tutù, ó mọ́lẹ̀, ó dà bí ewé gbágùúdá lẹ́yìn òjò.

"Ẹ káàbọ̀, alábàárò," ni Adìmú wí.

Màálù náà dáwọ́ ìrìn dúró. Ó na ọrùn, ó fi imú gbo apá Ẹwàtómi. Ìbídùn wò wọ́n. Nǹkan kan tutù nínú àyà rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ibẹ̀ gbiná.

Ẹwàtómi ni àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo. Òjò tó kọjá ló ti etí òkun dé, lẹ́yìn tí omi gba àdúgbò tó ń gbé, tí ó kó ilé rẹ̀, tí ó sì kó ilé ìwòsàn tó ti ń gbẹ̀bí fún àwọn aboyún. Àpò kan ló gbé dání, iyọ̀ òkun ti gbẹ funfun sí i lára. Ìbídùn ló sáré lọ pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà, òun náà ló sunkún jù. Òun ló tẹ́ ibùsùn fún un nínú yàrá tirẹ̀. Òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gba ẹ̀gbẹ́ sún mọ́ màálù, bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ kí ọwọ́ tó kan ẹran, bí wọ́n ṣe ń ṣí ẹnu ọ̀nà sílẹ̀ kí ẹran má baà rò pé wọ́n há òun mọ́.

Kò mọ ìgbà tí inú dídùn yẹn bàjẹ́. Bóyá ọjọ́ tí bàbá wọn rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ kan tí Ẹwàtómi sọ nídìí oúnjẹ ni. Láti ìgbà tí ìyá wọn ti kú ni Bàbá ti ń gbé bí odi, Ìbídùn ló sì ń bá a jẹun láràárọ̀. Kò tíì rí ẹ̀rín yẹn láti ìgbà náà. Ó ti rò pé ẹ̀rín náà ti bá ìyá wọn lọ ni. Àṣé ó wà níbẹ̀, tó ń dúró de ẹlòmíràn.

Kò pe ohun tó ń ṣe é ní owú. Ó ń pè é ní àárẹ̀. Bí Ẹwàtómi bá ro ọkà, Ìbídùn á ní ó le. Bí Ẹwàtómi bá nu àwọn pátákó tí wọ́n fi ń gba agbára oòrùn, Ìbídùn á tún wọn nù. Ó ń wọ ilé àwọn màálù ní ìdájí kí àbúrò rẹ̀ tó jí, pẹ̀lú ẹ̀rẹ̀kẹ́ dídì àti ìgbésẹ̀ líle, kí wọ́n lè mọ ẹni tó kọ́kọ́ dé. Kò sì kíyè sí i pé àwọn ẹran náà ti ń yẹ̀ fún un.

Lẹ́nu ọ̀nà ilé ìrọbí, lábẹ́ ìbòòji òpó ìkómi tí ń fa ìrì láti inú afẹ́fẹ́, Bàbá jókòó lórí àpótí. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́.

"Ta ni Pupayẹmí gbà?" ni ó béèrè.

"Ẹwàtómi ni, Bàbá," ni Ìbídùn dáhùn.

"Áà." Bàbá mi orí. "Ọwọ́ ìyá yín ni ọwọ́ ọmọ yẹn. Bí mo ṣe dì í mú lánàá ni mo ti mọ̀."

Ìbídùn wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ọwọ́ tó fi ń fọ aṣọ Bàbá ni, tó fi ń gé èékánná rẹ̀. Bàbá dì í mú lójoojúmọ́, kò sì sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí i rí.

Nínú ilé, Ẹwàtómi ti da Pupayẹmí dé ìdúró Adìmú. Irin méjì ni ìdúró náà, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, irin kẹta wà ní ìdábùú lẹ́yìn ẹran kó má baà fà sẹ́yìn. Apá ẹ̀rọ wà lára wọn, tí wọ́n fi rọ́bà rírọ̀ bò, tí atẹ́gùn ń kún inú rẹ̀. Bí ẹran bá wọ àárín, apá méjì á di ọrùn mú, méjì mìíràn á sì di ìbàdí mú, bí ìgbà tí èèyàn bá di ọmọ tó fẹ́ ṣubú mú.

Ẹwàtómi yíjú padà. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kí n lo ìdìmú kíkún, àbí ti ọrùn nìkan?"

Ìbídùn mọ ìdáhùn. Kò sẹ́ni tó tún mọ̀ ọ́n ní gáà náà. Pupayẹmí kì í dúró bímọ. Bí ìrora bá ti pọ̀, á dùbúlẹ̀, kò sí irin tó lè dá a dúró. Nígbà ìbímọ rẹ̀ tó kọjá, Ìbídùn kò jẹ́ kí Adìmú kan ìbàdí rẹ̀ rárá. Ìjánu olókùn ló fi sí i lórí, ó so ó mọ́ ìdí òpó nísàlẹ̀, ó yọ irin ẹ̀gbẹ́ kúrò, ó sì jẹ́ kó wá àyè dùbúlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ẹnu rẹ̀. Gbólóhùn kan péré ni.

"Ìwọ ni alábàárò," ni ó wí. "Bi ẹ̀rọ rẹ."

Ẹwàtómi wò ó díẹ̀, ó sì yíjú sí ògiri. "Adìmú, èwo ni ká lò?"

"Ìdìmú kíkún ni òfin là sílẹ̀ fún ẹran tí ọwọ́ ènìyàn yóò wọ inú rẹ̀," ni Adìmú dáhùn.

"Ó dáa. Dì í."

Àwọn apá náà kún, wọ́n sì pa dé. Pupayẹmí mí kanlẹ̀, kò jà. Iná ọrùn rẹ̀ ṣì tutù.

Ẹwàtómi fi òróró pa apá rẹ̀ ọ̀tún, ó dúró sí àárín ìdí màálù náà àti irin ìdábùú. Ẹsẹ̀ ọmọ méjì ti yọ síta, pátákò wọn funfun, ó rọ̀ bí ẹ̀kọ. "Mi ò rí imú rẹ̀," ni ó wí. Ó ti ọwọ́ bọ inú. Ojú rẹ̀ dì, bí ojú ẹni tó ń fi ọwọ́ wá nǹkan nínú òkùnkùn. "Orí ti yí sẹ́yìn. Ó wo ẹ̀gbẹ́. Mo ní láti ti ọmọ náà padà kí n tó rí àyè yí orí rẹ̀."

Ohun tí Ìbídùn náà ì bá ṣe nìyẹn. Ìyẹn gan-an ló dùn ún. Ì bá rọrùn bó bá jẹ́ pé Ẹwàtómi kò mọ nǹkan kan. Àmọ́ ó mọṣẹ́. Ó dúró kí ìrora lọ kó tó tì, ó sinmi bí ìrora bá dé, kò bá màálù náà du agbára. Ó ń bá a sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀, Pupayẹmí sì ń yí etí sẹ́yìn láti gbọ́ ọ.

Ìgbà náà ni Ìbídùn rí orúnkún ẹ̀yìn màálù náà, ti òsì, tó ń gbọ̀n. Ó gbọ̀n, ó dúró. Pupayẹmí gbé pátákò náà sókè díẹ̀, ó tún un gbé kalẹ̀ síwájú, ó sì tú èémí jáde ní imú.

"Yọ ọwọ́ rẹ," ni Ìbídùn wí.

"Mo ti kan etí rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ó kù díẹ̀."

"Yọ ọ́. Ó fẹ́ dùbúlẹ̀."

Ẹwàtómi kò wo ẹ̀yìn. "Láti ọjọ́ tí mo ti dé," ni ó wí, ohùn rẹ̀ kò sì le, "kò sí ohun tí mo ṣe tí kò lábùkù lójú yín. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ n ṣe èyí tán."

"Ọkàn ẹran balẹ̀," ni Adìmú wí.

Òótọ́ ni Ìbídùn sọ, òótọ́ náà kò sì níye lórí mọ́ nítorí gbogbo ohun tó ti sọ ṣáájú rẹ̀. Ó sì wà níbẹ̀ fún ìwọ̀n èémí kan, kó tó ṣe nǹkan kan, tí ohun mìíràn gba inú rẹ̀ kọjá. Ó rí bí yóò ṣe rí. Pupayẹmí á ṣubú. Ẹwàtómi á kígbe. Bàbá á gbọ́, á na ọwọ́ lẹ́nu ọ̀nà, orúkọ tí yóò sì pè ni Ìbídùn. Ó dùn mọ́ ọn. Kò lè sọ pé kò dùn mọ́ òun.

Lẹ́yìn náà ló rí ibi tí ìgbọ̀nwọ́ àbúrò rẹ̀ wà sí irin ìdábùú náà. Bí màálù bá lọ sílẹ̀, apá yẹn ni yóò há sí àárín ìwúwo rẹ̀ àti irin.

Ó tẹ ìlà ofeefee kọjá.

Iná ọrùn Pupayẹmí di pupa fòò. "Ẹni tí ọkàn ẹran kò balẹ̀ sí ti wọlé," ni Adìmú wí, kò gbé ohùn sókè. "Mo ń di ẹran mú ṣinṣin títí yóò fi jáde." Àwọn apá rọ́bà náà tún kún sí i.

Ìbídùn kò ro ti èyí. Ó ti rò pé kí òun sáà dé ibẹ̀ ni. Bó ṣe ń sún mọ́ ọn ni ẹ̀rọ ń fún ọrùn ẹran náà pọ̀. Orúnkún Pupayẹmí yẹ̀, ara rẹ̀ wọ́lẹ̀, apá ìbàdí gbé e dúró lágbede, ọrùn rẹ̀ sì há sínú èyí tó wà níwájú. Ahọ́n rẹ̀ yọ. Ohùn kan ń jáde ní ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ bí ìgbà tí omi bá ń tán nínú ẹ̀rọ. Lẹ́yìn rẹ̀, Ẹwàtómi fi eyín di ètè mú. Apá rẹ̀ ti há, kò lè fà á jáde, kò lè tì í wọlé.

"Sọ fún Adìmú pé ìwọ lo pè mí," ni Ìbídùn wí. "Ẹwàtómi. Ohùn rẹ nìkan ló máa gbọ́."

Ẹwàtómi yíjú wò ó. Omi ti kún ojú rẹ̀ nítorí ìrora, ó sì wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọnù síbẹ̀. Àwọn méjèèjì mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Bí alábàárò bá dúró fún ẹnì kan, tí ẹran bá sì kú, àmì ọwọ́ àwọn méjèèjì ni wọn yóò jọ pa.

"Èmi ni mo pè é," ni Ẹwàtómi wí. "Ìbídùn, ẹ̀gbọ́n mi. Mo dúró fún un."

"Mo ti gbọ́," ni Adìmú wí. "Kí ni ẹ fẹ́?"

"Kó tú ọrùn lákọ̀ọ́kọ́ kó lè mí," ni Ìbídùn sọ fún un. "Kí ìbàdí dúró, àfi tí mo bá sọ̀rọ̀."

Ẹwàtómi tún un sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀rọ. Apá iwájú jò, Pupayẹmí sì fa èémí kan tó gùn. Ìbídùn ti já ìjánu olókùn wálẹ̀ lára ìkọ́. Ó fi bọ imú àti ẹ̀yìn etí ẹran náà, ó wá ìdí òpó, ó so okùn náà sí ìsàlẹ̀ pátápátá, ó fi àyè sílẹ̀ tó orí lè fi kan ilẹ̀, irú kókó tí èèyàn máa ń fa etí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tó máa tú. Ó yọ ìkọ́ tó mú irin ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ó tì í sílẹ̀ kí àyè lè wà. Ó fa irin ìdábùú kúrò lára apá Ẹwàtómi. Ó wá fi èjìká ti ìbàdí màálù náà láti apá òsì.

"Ó yá. Díẹ̀díẹ̀."

"Tú ìbàdí," ni Ẹwàtómi wí. "Díẹ̀díẹ̀."

Pupayẹmí wọ́lẹ̀ pẹ̀lú ìwúwo rẹ̀, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lélẹ̀ bí Ìbídùn ṣe fẹ́ ẹ, kí àpò oúnjẹ rẹ̀ tó wà lápá òsì má baà tẹ ọmọ inú mọ́lẹ̀. Ẹwàtómi bá a lọ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó sì fa apá rẹ̀ jáde. Ó ti wú láti ọrùn ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́. Kò lè ká àwọn ìka rẹ̀.

"Apá yìí ti kú," ni ó wí. Ó fi òróró pa ti òsì, ó sì tún tì í bọ inú.

Ìbídùn lọ síbi orí. Ó jókòó sílẹ̀, ó gbé orí wúwo yẹn lé itan. Ìgbà kan wà tí orí yìí kò ju igbá lọ, tí ó máa ń sùn sí ibi kan náà. Iná ẹ̀gbà náà ń tàn sí i lójú, pupa, láìṣẹ́jú. Ó fi ọwọ́ ra iwájú rẹ̀, ó pe orúkọ rẹ̀, ó ṣe gbogbo ohun tó ti máa ń ṣe. Pupa. Ojú ńlá Pupayẹmí ń wò ó, kò bínú, ó kàn ń ṣọ́ ọ bí ẹran ṣe ń ṣọ́ ohun tí kò mọ ohun tó lè ṣe. Ìbídùn gbà nígbà náà pé ẹ̀rọ kọ́ ló ń parọ́. Ẹran náà mọ̀ ọ́n.

"Orí ti dé," ni Ẹwàtómi wí. "Imú rẹ̀ ti wà lórí ẹsẹ̀."

Wọ́n fi okùn rírọ̀ sí ẹsẹ̀ ọmọ náà, lókè oríkèé. Ìbídùn lọ bá a. Ó di ọ̀kan mú, Ẹwàtómi di èkejì mú, wọ́n dúró de ìrora. Bó bá dé, ọ̀kan á fà, èkejì á tẹ̀ lé e. Bó bá lọ, wọ́n á sinmi. Èjìká ọmọ náà gba ọ̀kan-ọ̀kan kọjá. Ìmí wọn ṣe déédéé gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí wọ́n jọ ń gún iyán ní kékeré, tí ọmọ odó àwọn méjèèjì kì í kọlu ara wọn. Ọmọ náà yọ́ jáde lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú omi gbígbóná, abo ni, ó pupa bí ìyá rẹ̀, kò sì mira. Ẹwàtómi fi koríko gbígbẹ tọ́ ọ ní imú. Ó sín. Ó gbọn orí, etí rẹ̀ tútù lu ara wọn.

Ìbídùn fa etí okùn, kókó tú. Pupayẹmí dìde, ó yí padà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lá ọmọ rẹ̀.

Àwọn méjèèjì fara ti ògiri. Ẹ̀jẹ̀ àti òróró bò wọ́n.

"Ẹ mọ̀ pé ó máa dùbúlẹ̀," ni Ẹwàtómi wí.

"Mo mọ̀."

"Kó tó di pé mo dì í. Mo bi yín, ẹ̀gbọ́n mi."

"O bi mí."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

Ìbídùn wo ọmọ màálù náà tó ń gbìyànjú láti fi ẹsẹ̀ rọ̀rọ̀ rẹ̀ dúró. "Nítorí pé ìwọ lo béèrè," ni ó wí.

Ẹwàtómi gbé apá tó wú náà lé àyà, ó sì jáde lọ bá Bàbá.

Kí oòrùn tó wọ̀, Ẹ̀ṣọ́ Ẹran ìjọba dé, nítorí Adìmú ti ránṣẹ́. Láṣebìkan ni orúkọ rẹ̀, ọkùnrin kan tó ti ń darúgbó, tí ọkọ̀ òfúrufú kékeré rẹ̀ fẹ́ eruku káàkiri àgbàlá. Ó kí Bàbá, ó wọlé lọ wo màálù àti ọmọ rẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, inú rẹ̀ dùn, ó sì dà bíi pé kò fẹ́ ohun tó kàn láti ṣe.

"Abo ni," ni ó wí. "Wàrà rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú yóò dé ẹnu ọmọ púpọ̀. Ẹ kú ewu." Ó tún aṣọ rẹ̀ ṣe. "Alábàárò, ẹ̀rọ gbọ́ ohùn yín lẹ́yìn tí ẹ̀gbọ́n yín ti tẹ ìlà. Ìyẹn jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ sí i lọ́rùn. Ṣùgbọ́n màálù tó ń rọbí máa ń pariwo, ẹ̀rọ kì í gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀." Ó wo ilẹ̀. "Ṣé ẹ ti kọ́kọ́ pè é ṣáájú?"

Gbogbo wọn ló mọ̀ pé ilẹ̀kùn ló ṣí sílẹ̀ yẹn.

"Mo ti pè é ṣáájú," ni Ẹwàtómi wí.

Láṣebìkan mí. "Ìyáàfin Ìbídùn, ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí?"

Kí Ìbídùn sáà mi orí ti tó. Ẹwàtómi kò wò ó. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí Bàbá, wọ́n ti fi ewé àti aṣọ di apá rẹ̀, ó sì ti dárí jì í níwájú gbogbo ènìyàn láìjẹ́ kí ó tọrọ rẹ̀. Bàbá gbé ojú tí kò ríran sókè sí ọ̀dọ̀ ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ náà, bí ó ti máa ń ṣe. Ìbídùn ronú bí yóò ṣe máa wọ ilé ìrọbí láràárọ̀ pẹ̀lú ọwọ́ tí àbúrò rẹ̀ fi ta á lọ́rẹ. Ọjọ́ kan á yọjú tí kò ní lè fara dà á mọ́. Kì í ṣe òótọ́ nìkan ló mú un sọ̀rọ̀, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Rárá," ni ó wí. "Kò pè mí. Mo wọlé fúnra mi. Ó sì ti bi mí tẹ́lẹ̀ bó ṣe yẹ kí wọ́n di ẹran náà, mo mọ̀ ọ́n, mi ò sọ fún un. Ìyẹn ló fi di ohun tó dà."

Láṣebìkan wò ó pẹ́. "Ẹ ò bá ti dákẹ́," ni ó wí nígbẹ̀yìn, jẹ́jẹ́, ó sì mú àwo dúdú kékeré kan jáde lápò.

Ìdájọ́ náà ni pé ọwọ́ Ìbídùn kò gbọdọ̀ kan màálù títí àwọn ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún yìí yóò fi bí tiwọn. Láṣebìkan gbé àwo náà lé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Kò dùn ún. Ó kàn tutù ni, lẹ́yìn náà kò sí nǹkan kan mọ́ níbi tí nǹkan wà tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí ọkọ̀ náà lọ tán, Bàbá sún lórí àpótí kí àyè lè wà. "Mi ò mọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà lọ́kàn rẹ, Ìbídùn," ni ó wí.

"Ẹ ò bi mí, Bàbá."

Ọwọ́ Bàbá wà lórí àpótí náà, níbi àyè tó fi sílẹ̀. Ìbídùn kò jókòó, kò sì lọ. Ó dúró síbẹ̀ títí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ fi tutù, ìgbà náà ló fa aṣọ Bàbá bò ó léjìká.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Dúdúlẹ́wà ló kàn, màálù dúdú tó ti lójú àpá, tí ìdí rẹ̀ ti ń rọ̀ fún ìbímọ. Ẹwàtómi dá nìkan dà á wọlé. Apá rẹ̀ ọ̀tún kò tíì nà tán. Ìbídùn wà lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé. Ilẹ̀kùn kì bá ṣí fún un. Láàárín wọn, láti ọjọ́ yẹn, kò sí ọ̀rọ̀ ju ẹ káàárọ̀ àti oúnjẹ ti délẹ̀ lọ.

Iná ọrùn Dúdúlẹ́wà tutù fún Ẹwàtómi. Ohun tó máa ń gbiná láyà Ìbídùn tún gbiná.

Ẹwàtómi gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn màálù náà, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Kò yíjú padà. "Èyí ńkọ́, ẹ̀gbọ́n mi?" ni ó béèrè. "Báwo ni wọ́n ṣe ń di èyí mú?"

Gbogbo ohun tí Ìbídùn mọ̀ nípa Dúdúlẹ́wà jókòó sínú rẹ̀, kò sí ẹlòmíràn láyé tó ní in.

"Ojú òsì rẹ̀ kò ríran dáadáa," ni ó wí. "Má ṣe gba apá ibẹ̀ sún mọ́ ọn. Òun ní tirẹ̀, ó máa ń dúró bímọ. Ọrùn nìkan ni kí o ní kí wọ́n dì. Bó bá ta ìpá lẹ́ẹ̀kan, kò ní ta á mọ́, má sáré. Má so orí rẹ̀ sókè, á máa fà á títí á fi ṣe ara rẹ̀ léṣe. Ó fẹ́ràn kí èèyàn máa kun orin."

"Orin wo?"

Orin ìyá wọn ni, Ìbídùn nìkan ló sì ń kọ ọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti sin ín. Lẹ́yìn náà ló fara ti òpó ẹnu ọ̀nà, ó sì kùn ún láti ìbẹ̀rẹ̀, jẹ́jẹ́, kí àbúrò rẹ̀ lè mú un.